Ère Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Senhor Evaristo Fagundes ṣe ga tó, ẹ kọ́kọ́ yọ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, ẹ yọ fìlà rẹ̀, ẹ sì yọ pèpéle tí ó ní kí wọ́n kàn sábẹ́ àga rẹ̀ nínú gbọ̀ngán. Ohun tó bá ṣẹ́kù, òun gan-an nìyẹn. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù yìí ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ìtàn Àwọn Ọmọ Portugal ní Los Cardos, ìlú kan ní àfonífojì California tí màlúù ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí àwọn màlúù náà sì mọ ìwọ̀n ara wọn ju Ààrẹ lọ.

Láti erékùṣù Terceira ti Portugal ni àwọn baba ńlá ìlú yìí ti wá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àpótí onígi àti ikùn tí èébì ti gbọ̀n gbẹ. Wọ́n jókòó sídìí màlúù olówó, wọn kò sì dìde títí wọ́n fi ra màlúù náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn kò kó orúkọ púpọ̀ wá. Abúlé kan náà ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àlùfáà kan náà ló rì wọ́n bọmi, àlùfáà náà kò sì ní sùúrù: ọmọkùnrin tó bá ké nínú omi ni João, èyí tí kò bá ké ni Manuel, Fagundes sì ni gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ìnagijẹ fi wúlò fún wọn bíi garawa wàrà. Bí ẹ bá ní Manuel Fagundes ni ẹ ń wá, wọn á bi yín pé, "Èwo?" Bí ẹ bá ní Manuel Sùn-Lórí-Àpótí, wọn á nawọ́ sí ilé rẹ̀, wọn á sì kìlọ̀ fún yín kí ẹ kanlẹ̀kùn gidi.

Bàbá àgbà Evaristo náà ń jẹ́ João Fagundes. João èwo? João Ìgbẹ́-Màlúù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ kúrò nílẹ̀ ilé ìfúnwàrà, ó sì ṣe é tọkàntọkàn títí ó fi kú. Ó ti kú kí wọ́n tó bí Evaristo, bàbá Evaristo pàápàá kò pẹ́ láyé, kò sì sí fọ́tò ọkùnrin náà kankan nínú ilé, nítorí pé kò sí ayafọ́tò tó fẹ́ sún mọ́ ọn tó bí iṣẹ́ náà ṣe ń béèrè. Ohun kan ṣoṣo tí Evaristo jogún lára rẹ̀ ni orúkọ yẹn. Nílé ìwé, bí ó bá ti ń wọlé báyìí, àwọn ọmọ á fọwọ́ di imú. Ó dàgbà, ó ta katakata títí ó fi là, ó ra ọkọ̀ tó gùn ju ilé àlùfáà lọ, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ lọ sí imú láti nù ún, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Nígbà tí wọ́n fi jẹ Ààrẹ, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ rọrùn: kí ó kó fọ́tò àti ìtàn àwọn arúgbó jọ sínú yàrá kan ní gbọ̀ngán Ẹ̀mí Mímọ́, kí àwọn ọmọ tó ń gbàgbé èdè lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìpàdé àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ àṣejù.

"Ẹ̀yin ọmọ atukọ̀," ni ó wí, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ ọkọ̀ kó sì gúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ àwọn tó la òkun tí aráyé rò pé kò lópin. Ìtàn kì í ṣe ilé ọtí. Láti òní lọ, a kò ní gbọ́ ìnagijẹ nínú gbọ̀ngán yìí mọ́. Orúkọ ìrìbọmi nìkan ni ẹnu wa yóò máa pè. Èkejì: a kò ní dárúkọ màlúù."

"A ò ní dárúkọ kí ni?" Tio Laureano Toste béèrè. Arúgbó ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Tio; ó ti fún wàrà débi pé ìka ọwọ́ rẹ̀ kì í nà tán mọ́.

"Ẹran yẹn, Tio. Ó ń rẹ ìtàn wa sílẹ̀."

"Kí ni a máa wá sọ pé a wá ṣe níbí?"

"A wá mú ọ̀làjú wá."

Olegário Borba, akọ̀wé ẹgbẹ́, bú sẹ́kún. Kò sí ọ̀rọ̀ Ààrẹ tí Borba kì í sunkún sí. Ó ti sunkún rí nígbà tí Ààrẹ ń ka iye àga tó wà nínú gbọ̀ngán. Ó nu ojú, ó kọ òfin méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà wọn: ẹni tó wà nípò tó bá rú wọn nínú gbọ̀ngán yóò fi ipò náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀; ẹni tí kò sí nípò, a ó yọ fọ́tò ẹbí rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ọbẹ̀ ti ń hó ní ilé ìdáná ní gbogbo àkókò yìí, òórùn rẹ̀ sì ti wọ inú gbọ̀ngán. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè kí ìpàdé lè tán. Wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà gbé òfin náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìtàn àwọn afúnwàrà láìsí màlúù nínú rẹ̀. Ààrẹ gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ará ìlú kó fọ́tò wá nínú páálí bàtà, màlúù sì wà nínú gbogbo rẹ̀: níwájú ilé, lẹ́yìn ìyàwó, kódà ọ̀kan wà tó yọ orí sínú fọ́tò ìgbéyàwó. Evaristo gba ayàwòrán kan síṣẹ́ kó fi ọ̀dà kun gbogbo màlúù náà pa, kó sì ya igi òdòdó rósì dípò wọn. Ó gbé ọkọ̀ ojú omi oníke kan sí àárín yàrá, ó fi aṣọ àwọn ọlọ́lá wọ àwọn ère onígi, ó sì ní kí wọ́n máa pe yàrá náà ní Ààfin Ìrántí.

Dona Hermínia, tí wọ́n yàn láti bójú tó àjọ̀dún Ẹ̀mí Mímọ́ ti ọdún náà, níbi tí wọ́n ti máa ń pa màlúù ẹgbẹ́ se ọbẹ̀ fún gbogbo ìlú, wá wo fọ́tò bàbá rẹ̀.

"Olegário, máa bọ̀. Kí ni bàbá mi ń ṣe níbí?"

"Òdòdó ni wọ́n ń tọ́jú, Dona Hermínia."

"Tí wọ́n jókòó sórí àpótí, tí wọ́n fi garawa sáàárín ẹsẹ̀?"

"Rósì ayé àtijọ́ máa ń lómi nínú."

"Bàbá mi ò mọ rósì yàtọ̀ sí àlùbọ́sà. Wo ọwọ́ wọn, Olegário. Ọmú ni wọ́n dì mú yẹn. Ọmú ta ni wọ́n wá dì mú nínú igi òdòdó?"

Borba wo òfin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wo Dona Hermínia, ó sì sunkún díẹ̀ kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Evaristo rí ní ìsàlẹ̀ àpótí àwọn àgbà ẹgbẹ́. Fọ́tò kan ni, tí wọ́n yà ní San Francisco: ọkùnrin kan nínú kóòtù dúdú, fìlà gogoro lórí rẹ̀, ṣéènì aago wúrà níwájú ikùn, ọwọ́ kan lórí òpó bí ẹni pé òun ló gbé òpó náà dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ *João Fagundes*.

Evaristo yí fọ́tò náà padà síwájú, ó tún yí i sẹ́yìn. Ó rò ó báyìí: bàbá àgbà mi ń jẹ́ João Fagundes; ọkùnrin yìí ń jẹ́ João Fagundes; nítorí náà, ọkùnrin yìí ni bàbá àgbà mi. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìṣirò, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Evaristo ti dàgbà, ṣùgbọ́n imú tí àwọn ọmọ ilé ìwé fọwọ́ dì ṣì wà níwájú rẹ̀, ẹ sì wo kóòtù tí wọ́n nà sí i. Èwo nínú wa ni kò ní na ọwọ́ gbà á wọ̀?

Ó fi fọ́tò náà han gbogbo ìlú, ó sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ ère. Ó ní kó fi idẹ rọ ọkùnrin náà, kó tóbi bó ti yẹ Olùdásílẹ̀ ìlú. Alágbẹ̀dẹ béèrè bí ó ti yẹ kó tóbi tó. Evaristo ní kó máa rọ ọ́ lọ, òun á sọ ìgbà tí yóò dúró.

Gbogbo arúgbó Los Cardos ló dá ojú yẹn mọ̀. Bí àṣírí náà sì ṣe rí nìyí: kì í ṣe àṣírí. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ ni. Àwọn kan bẹ̀rù nítorí fọ́tò ẹbí wọn tó wà lára ògiri. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, wọ́n fẹ́ wo ibi tí yóò já sí. Tio Laureano nìkan ni àánú ṣe, nítorí pé João Ìgbẹ́-Màlúù ti gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ìgbẹ́ rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì gbádùn rẹ̀. Níta, Ààrẹ kì í dúró bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lórí pèpéle rẹ̀ nìkan ni etí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Arúgbó náà wá bá a níbẹ̀, Borba jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Senhor Ààrẹ, João tí ẹ gbé fún alágbẹ̀dẹ yẹn, kì í ṣe João tiyín."

"João wo ni, Tio?"

"João… ẹ ti ní ká má sọ ọ́."

"Ẹ fi orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ pè é."

"João Fagundes."

"Ohun tí mo kọ sí i náà nìyẹn."

Tio Laureano họ orí. "Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn. João tó ta nǹkan ẹgbẹ́. Nǹkan kan báyìí, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin."

"Tábìlì?"

"Ó tóbi ju tábìlì lọ. Ó máa ń rìn."

"Àga tó ní táyà," ni Borba wí.

"Borba, kọ ọ́ sílẹ̀." Ojú Evaristo ń tàn. "Bàbá àgbà mi ta àga àti tábìlì olówó iyebíye. Mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣeun púpọ̀, Tio. Ṣé ẹ rántí ohun mìíràn nípa ọlá rẹ̀?"

Arúgbó náà wò ó títí. "Ó mọ bí a ṣe ń tètè jáde nílùú," ni ó wí, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀. Borba kọ ìyẹn náà sílẹ̀: *ó rin ìrìn àjò púpọ̀.*

Ère náà dé nígbà tí àjọ̀dún ku dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, fìlà gogoro náà sì gbá àtẹ́rígbà. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ kò gbà. Wọ́n gbé e yípo bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ọ̀nà fi kọ́kọ́rọ́ sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ká gé fìlà rẹ̀ díẹ̀," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"Kàkà kí ẹ gé fìlà Olùdásílẹ̀, ẹ gé ògiri."

"Ògiri yẹn ló gbé pẹpẹ Ẹ̀mí Mímọ́ dúró," ni Dona Hermínia wí láti ilé ìdáná, kò sì gbé ohùn sókè.

Evaristo ronú, ó sì kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti pinnu pé ìta ni ère náà yóò wà, kí ọ̀run lè rí i. Borba sunkún. Wọ́n gbé e sí àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ àrán gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n gbé adé fàdákà tí àdàbà wà lórí rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n sì gbé e sórí pẹpẹ nínú gbọ̀ngán. Kọ́ńsúlù, aṣojú ìjọba Portugal ní San Francisco, wá. Ètò náà ni pé wọn yóò ṣí ère, wọn yóò wọlé, wọn yóò gbé adé lé Evaristo lórí níwájú gbogbo ìlú, kí wọ́n tó jẹun. Èyí ni ohun tó ti ń lá lálàá láti ilé ìwé: adé Ẹ̀mí Mímọ́ lórí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ imú.

Ó fa aṣọ. Ère náà yọ, ó ń dán, fìlà rẹ̀ ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ. Ìlú dákẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín di ẹ̀rín mú.

"Ẹ wo iwájú orí yẹn," ni Evaristo wí. "Ẹ wo ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tí kò fara kan ohun ẹlòmíràn rí. Bàbá àgbà mi nìyí. Èmi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìwà rẹ̀ ni mo jogún, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo bi yín, ẹ̀yin ará Los Cardos: bí kì í bá ṣe ti ọkùnrin yìí, kí ni ì bá wà nínú ìkòkò wa?"

"Ẹran," ni Tio Laureano wí.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó rọra ń bọ̀ níwájú, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó mú àlùfáà, ó sì mú àwọn onífèrè àjọ̀dún débi pé èémí wọn kò tó fèrè mọ́. Kọ́ńsúlù yí ojú sí arúgbó náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

Tio Laureano wo ilẹ̀ tó dúró lé. "Olegário, ibo la wà yìí? Ṣé inú gbọ̀ngán ni?"

"Rárá o, Tio. Àgbàlá ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. "Ọ̀gá Kọ́ńsúlù, João Fìlà-Gogoro nìyẹn. Ẹgbẹ́ fún un ní màlúù àjọ̀dún kó máa bọ́ ọ. Ó tà á. Ó fi owó rẹ̀ ra kóòtù yẹn ní San Francisco, ó ya fọ́tò, ó wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa ká lè rí bí màlúù wa ṣe bá a mu. Kábéèjì la jẹ lọ́dún yẹn. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n inú mi rántí."

Evaristo wo ère, ó wo fìlà, ó wo aago. Nínú orí rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ tú ka lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì gbọ́ bí ó ti ń tú. Kọ́ńsúlù, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ láti má rí ohun tó bá rí, ní ó jọ pé ọbẹ̀ ti jinná.

Wọ́n wọlé. Gbogbo ìlú tò sẹ́yìn tábìlì, búrẹ́dì ti wà nínú àwo, ewé míǹtì tó ń ta sánsán ti wà lórí búrẹ́dì. Evaristo gun pèpéle rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Ó rò pé bí òun bá tètè tẹ orí, adé lè bọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó rántí. Dona Hermínia gbé adé, ṣùgbọ́n kò gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é," ni ó wí. "Ilé tó bá jẹ ohun Ẹ̀mí Mímọ́ ní àjẹgbé kì í dé adé yìí, wọn kì í sì í jókòó lókè tábìlì. Iwájú adé la ti ń dáhùn, kì í ṣe níta. Evaristo, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ létí wa: ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó wà níta yẹn ni ọ́."

"Rárá, mà. Mo… mo ṣi fọ́tò mú ni."

"João èwo wá ni bàbá àgbà rẹ?"

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí wà. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ-ọmọ olè ni. Bí ó bá dáhùn, òfin ara rẹ̀ ń wò ó láti inú férémù wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀nà kẹta ni ó ń wá, bí ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà gbé ère wọlé.

"João Fagundes," ni ó wí.

"Ìyẹn la ṣì wà lórí rẹ̀."

"Èyí tó… tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó."

"Ìmọ́tótó kí ni?" Sùn-Lórí-Àpótí ló béèrè láti ẹ̀yìn, ó ti jí pátápátá lọ́jọ́ yẹn.

"Ìmọ́tótó ilẹ̀. Ti… ilé àwọn ẹran kan."

"Adìyẹ?" ni Kọ́ńsúlù wí, ó fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́.

"Kì í ṣe adìyẹ, sà."

"Evaristo, ọwọ́ ń ro mí," ni Dona Hermínia wí. "Fàdákà ni adé yìí."

Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí pèpéle. Ó rí wọn tí wọ́n ń wò ó. Kò sí ọwọ́ kankan ní imú. Ṣíbí ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dúró. Ó dìde, ó sì pariwo débi pé àwọn onífèrè tó wà níta gbọ́.

"João Ìgbẹ́-Màlúù ni! João Ìgbẹ́-Màlúù ni bàbá àgbà mi, kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí, ìgbẹ́ ló ń kó!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi rú òfin méjèèjì. Ẹ má rò pé ó rọrùn; ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Borba dìde, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó rìn lọ síbi férémù, ó sì ka òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹkún ń dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n kò fo lẹ́tà kan. Nígbà tó dé ibi *lójú ẹsẹ̀*, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Evaristo wo yíká bóyá ẹnìkan á ní òfin náà kò bọ́gbọ́n mu. Òun ló kọ́ wọn pé ó bọ́gbọ́n mu. Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó sì wá kéré bó ti rí gan-an.

Dona Hermínia gbé adé lé Tio Laureano lórí, nítorí kábéèjì tó jẹ lọ́mọdé. Àyè kan ṣoṣo tó kù wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, láàárín Sùn-Lórí-Àpótí àti ọkùnrin kan tí ìnagijẹ rẹ̀ kò ṣe é kọ síhìn-ín. Evaristo jókòó. Wọ́n da ọbẹ̀ sórí búrẹ́dì rẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ayàwòrán ti wá ha òdòdó kúrò lára fọ́tò báyìí, àwọn màlúù sì ti padà síbi iṣẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣì ní rósì létí. Wọ́n kọ ìnagijẹ sábẹ́ gbogbo orúkọ, àwọn ọmọ sì ń dúró pẹ́ níbẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ère ṣì wà ní àgbàlá. Kò sí ẹni tó fẹ́ sanwó gbígbé rẹ̀, àwọn àlejò sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju gbogbo ohun tó wà nínú yàrá lọ.

Evaristo sá pamọ́ sínú ilé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìkórè, ó wọlé, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó sì ní òun ní ọ̀rọ̀ ránpẹ́ láti sọ. Wọ́n gbà fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ oníwàrà," ni ó wí, ó sì dákẹ́ díẹ̀. "Ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè kó. Ní gbogbo California, àwọn yòókù ń gbá a kiri ni. Bàbá àgbà mi nìkan ló ń ṣètò rẹ̀. Ọlá wà nínú èjìká rẹ̀. Ó yẹ kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́bìrì rẹ̀, yàrá tó gbòòrò, kí a sì…"

Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí òmíràn. Sùn-Lórí-Àpótí ti sùn padà. Dona Hermínia jáde láti ilé ìdáná, ó gbé àwo ọbẹ̀ kan síwájú Evaristo kí ẹnu rẹ̀ lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo mọ́ tónítóní, ó sì dìde.

"Bí mo ṣe ń sọ," ni ó wí.